Ẹ Má Dúró Di Ìparí Kí Ẹ Tó Pín: Ọ̀rọ̀ Lórí Gbígbé Nọ́ńbà Ńlá Sí Agbára Nínú Kóòdù

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ sì kú akitiyan lórí èdè wa. Ọ̀rọ̀ ìṣirò kan ló gbé wa dé ọ̀dọ̀ yín. Àwọn ọ̀dọ́ tó ń kọ́ iṣẹ́ kóòdù ń bá a pàdé ní ilé ẹ̀kọ́ gíga àti níbi ìkọ́ṣẹ́, ṣùgbọ́n ìdajì rẹ̀ ni a sábà máa ń kọ́ wọn. Ìṣirò náà nìyí: gbé nọ́ńbà kan sí agbára nọ́ńbà mìíràn, fi nọ́ńbà kẹta pín in, kí o sì sọ ohun tó ṣẹ́kù. Nínú kóòdù, báyìí ni wọ́n máa ń kọ ọ́: `b**e % m`. b ni ìpìlẹ̀, e ni agbára, m ni òǹpín. Bí nọ́ńbà bá kéré, ìdáhùn á jáde, olùkọ́ á fi àmì sí i pé ó gbà á, ọmọ á sì gbọ̀nà ilé. Ọjọ́ tí nọ́ńbà bá wá tóbi bí irú èyí tí báńkì ń lò, kọ̀ǹpútà á dá dúró gbagidi. Nígbà mìíràn, ìdáhùn tí kì í ṣe òótọ́ ni yóò sọ, kò sì ní sọ fún ẹnikẹ́ni pé nǹkan ti bàjẹ́. Ti ìkẹyìn yìí ló burú jù.

Ohun méjì ni a fẹ́ kí gbogbo olùkọ́ kóòdù máa tẹnu mọ́. Gbàrà tí ìsọdipúpọ̀ kọ̀ọ̀kan bá parí ni kí á pín in, kí á má dúró di ìgbà tí agbára bá parí. Bí agbára náà bá sì jẹ́ nọ́ńbà àṣírí, kí akẹ́kọ̀ọ́ má fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ fún iṣẹ́ gidi.

Ìṣirò yìí kì í ṣe eré ọmọdé. Ní 1976, Whitfield Diffie àti Martin Hellman fi hàn pé ènìyàn méjì tí kò tíì ríra rí lè lò ó láti fẹnu kò lórí kọ́kọ́rọ́ àṣírí ní gbangba, kí ẹni tó ń gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ wọn má sì rí kọ́kọ́rọ́ náà mú. Ní 1977, Ron Rivest, Adi Shamir àti Leonard Adleman gbé RSA kalẹ̀, ọ̀nà fífi ọ̀rọ̀ pamọ́ àti bíbuwọ́ lùwé lórí kọ̀ǹpútà; ìṣirò yìí gan-an sì ni ọkàn iṣẹ́ wọn. Káàdì báńkì tó ní ṣíìpù ń fi RSA jẹ́rìí pé òun kì í ṣe ayédèrú. Ọ̀pọ̀ ìkànnì ayélujára ni ìwé ẹ̀rí wọn ní ìbuwọ́lùwé RSA lára. Òǹpín tó wọ́pọ̀ níbẹ̀ lónìí gùn ní bíìtì 2048 (bíìtì ni 0 tàbí 1 tí kọ̀ǹpútà fi ń kọ nọ́ńbà), ìyẹn nọ́ńbà oní-díjíìtì 617. Kò sì sí àṣejù nínú gígùn yẹn: ní oṣù Kejì ọdún 2020, àwọn olùwádìí tú òǹpín oní-díjíìtì 250, tí gígùn rẹ̀ jẹ́ bíìtì 829, sí nọ́ńbà práìmù méjì tó bí i (práìmù ni nọ́ńbà tó ju 1 lọ, tí kò sí ohun tó lè pín in láìṣẹ́kù àfi 1 àti òun fúnra rẹ̀).

Ẹ wá wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ bí a bá kọ́kọ́ ṣe agbára tán pátápátá kí á tó pín. 7 sí agbára 45 ti di nọ́ńbà oní-díjíìtì 39. 7 sí agbára 65537 di díjíìtì 55,386. Bí ìpìlẹ̀ bá tóbi tó òǹpín RSA, tí agbára sì jẹ́ 65537 kan náà, nǹkan bí ogójì mílíọ̀nù díjíìtì ni nọ́ńbà náà yóò gùn. Kọ̀ǹpútà lè ṣe é, ṣùgbọ́n yóò pẹ́, yóò sì jẹ mẹ́mọ́rì, bẹ́ẹ̀ díjíìtì 617 péré ni a ń wá. Bí agbára náà bá wá jẹ́ kọ́kọ́rọ́ àṣírí, tí òun náà gùn tó bíìtì 2048, kò sí mẹ́mọ́rì kankan láyé tó lè gba ìdáhùn. Bí a tilẹ̀ sọ gbogbo átọ́ọ̀mù ilẹ̀ ayé di mẹ́mọ́rì, kò ní tó.

Àwọn òbí wa ti mọ ọ̀nà àbáyọ kí kọ̀ǹpútà tó dé. Ọjà ọrọọrún ń padà wá ní ọjọ́ mẹ́rin-mẹ́rin. Bí ọjà bá bọ́ sí òní, tí ẹnì kan sì béèrè bí ọjà yóò ṣe rí ní àádọ́rùn-ún ọjọ́ sí i, a ó fi 4 pín 90, 2 yóò ṣẹ́kù: ọjọ́ kejì lẹ́yìn ọjà ni. Bó bá sì jẹ́ pé ọjọ́ 23 ni wọ́n kọ́kọ́ dá, tí wọ́n wá fi ọjọ́ 67 lé e, kò pọn dandan kí á kó méjèèjì pọ̀ di 90. 23 ṣẹ́ku 3, 67 ṣẹ́ku 3, àpapọ̀ wọn jẹ́ 6, 6 sì ṣẹ́ku 2. Bí ó ṣe rí fún ìròpọ̀, bẹ́ẹ̀ ló rí fún ìsọdipúpọ̀. A lè pín ní ìbẹ̀rẹ̀, a lè pín ní àárín, ìṣẹ́kù ìkẹyìn kò ní yí padà. Nítorí náà, nọ́ńbà tó wà lọ́wọ́ wa kò ní tó òǹpín láé, bí a bá sì sọ méjì irú rẹ̀ dipúpọ̀, gígùn rẹ̀ kò ní ju ìlọ́po méjì gígùn òǹpín kí á tó tún pín in.

Ìyẹn nìkan kò tó, nítorí bí agbára bá jẹ́ nọ́ńbà oní-díjíìtì 617, a kò lè ka á ní ọ̀kọ̀ọ̀kan títí ayé. Bíìtì rẹ̀ ni a ó máa tẹ̀ lé. Ẹ jẹ́ ká fi ọwọ́ ṣe 7 sí agbára 45, òǹpín 101. 45 jẹ́ 32 pẹ̀lú 8 pẹ̀lú 4 pẹ̀lú 1. 7 lọ́nà 7 jẹ́ 49, ìyẹn ni 7 sí agbára 2. 49 lọ́nà 49 jẹ́ 2401, a fi 101 pín in, ó ṣẹ́ku 78, ìyẹn ni ti agbára 4. 78 lọ́nà 78 jẹ́ 6084, ó ṣẹ́ku 24, ti agbára 8. 24 lọ́nà 24 jẹ́ 576, ó ṣẹ́ku 71, ti agbára 16. 71 lọ́nà 71 jẹ́ 5041, ó ṣẹ́ku 92, ti agbára 32. Ní báyìí, ti 32, ti 8, ti 4 àti ti 1 nìkan ni a nílò. Ti 2 àti ti 16 jẹ́ àtẹ̀gùn tí a gbà kọjá lásán. 92 lọ́nà 24 jẹ́ 2208, ó ṣẹ́ku 87. 87 lọ́nà 78 jẹ́ 6786, ó ṣẹ́ku 19. 19 lọ́nà 7 jẹ́ 133, ó ṣẹ́ku 32. 32 ni ìdáhùn. Ìsọdipúpọ̀ mẹ́jọ ni gbogbo rẹ̀, nígbà tí kíkà á ní ọ̀kọ̀ọ̀kan ì bá gba 44, kò sì sí ibì kankan tí nọ́ńbà ọwọ́ wa ti kọjá díjíìtì mẹ́rin.

Èyí náà ló fà á tí 65537 fi gbajúmọ̀ bí agbára tí RSA ń fi han gbogbo ayé. Ó jẹ́ 2 sí agbára 16, pẹ̀lú 1: ẹ̀ẹ̀mẹ́rìndínlógún ni a ó sọ nọ́ńbà ọwọ́ wa di ìlọ́po ara rẹ̀ (bíi 7 lọ́nà 7), a ó sì ṣe ìsọdipúpọ̀ kan sí i, ó parí. Agbára àṣírí oní-bíìtì 2048 ń béèrè ìlọ́po ara ẹni 2047, àti nǹkan bí ẹgbẹ̀rún kan ìsọdipúpọ̀ mìíràn, nítorí pé nǹkan bí ìdajì àwọn bíìtì rẹ̀ ni yóò jẹ́ 1. Ìdí rèé tí yíyẹ ìbuwọ́lùwé wò fi yá ju fífi ọwọ́ sí i lọ.

Ní Python, kóòdù rẹ̀ kò gùn:

```
def agbara(b, e, m):
    idahun = 1 % m
    b = b % m
    while e > 0:
        if e & 1:
            idahun = idahun * b % m
        b = b * b % m
        e = e >> 1
    return idahun
```

Ìlà `idahun = 1 % m` ni ọ̀pọ̀ ń kọ ní `idahun = 1`, tí wọ́n sì rò pé kò sí ìyàtọ̀. Bí òǹpín bá jẹ́ 1, ìṣẹ́kù gbogbo nọ́ńbà láyé jẹ́ 0, kódà bí agbára bá jẹ́ 0. Ẹni tó kọ 1 yóò rí 1, àṣìṣe ni. Ìlà `b = b % m` ń dènà kí ìpìlẹ̀ ńlá mú kí ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́ wúwo lásán, ó sì ń tún ìpìlẹ̀ tó wà lábẹ́ òdo ṣe. Kóòdù yìí kò mọ ohun tí yóò ṣe bí agbára fúnra rẹ̀ bá wà lábẹ́ òdo; 1 ni yóò dá padà, irọ́ sì ni. `pow(b, e, m)` ti Python fúnra rẹ̀ mọ̀ ọ́n láti ẹ̀dà 3.8: `pow(b, -1, m)` ń wá nọ́ńbà tí a ó fi sọ b dipúpọ̀ kí ìṣẹ́kù lè jẹ́ 1, bí kò bá sì sí irú rẹ̀, yóò kígbe àṣìṣe.

`pow` oní-nọ́ńbà mẹ́ta yìí ni kí akẹ́kọ̀ọ́ máa lò nígbà gbogbo ní Python, lẹ́yìn tó bá ti fọwọ́ ara rẹ̀ kọ èyí tó wà lókè lẹ́ẹ̀kan kí ó lè mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Kí ó sì ṣọ́ra fún àmì `^`. Ní Python, C, Java àti JavaScript, `7 ^ 45` kì í ṣe 7 sí agbára 45. Bíìtì wọn ló ń fi wéra, 42 ni yóò sì sọ, kò ní kígbe àṣìṣe kankan.

Ibi tí wàhálà pọ̀ sí jù ni àwọn èdè kóòdù tí nọ́ńbà wọn ní ìwọ̀n. Nọ́ńbà bíìtì 64 ní C kò lè gba 7 sí agbára 23; agbára 22 ló gbẹ̀yìn. Bó bá kọjá ibẹ̀, bí nọ́ńbà náà bá jẹ́ oríṣi tí kò ní àmì ìyọkúrò, orí rẹ̀ á gé dànù ní ìdákẹ́jẹ́. Bó bá jẹ́ oríṣi tó ní àmì, òfin C kò tilẹ̀ ṣèlérí ohun tí yóò ṣẹlẹ̀. Pípín ní gbogbo ìgbésẹ̀ ń gbà wá, àmọ́ dé ìwọ̀n kan ni. Bí òǹpín kò bá ju 4,294,967,296 lọ, ìsọdipúpọ̀ ìṣẹ́kù méjì á wọ inú `uint64_t`, ìyẹn oríṣi bíìtì 64 tí kò ní àmì. Bó bá jù bẹ́ẹ̀, ìsọdipúpọ̀ yẹn fúnra rẹ̀ lè kún àkúnwọ́sílẹ̀ kí á tó ráyè pín in. `unsigned __int128`, nọ́ńbà bíìtì 128 tí GCC àti Clang (àwọn atúmọ̀ kóòdù C) ní, lè gbé wa dé òǹpín bíìtì 64. Kọjá ibẹ̀, ilé ìkówèé kóòdù fún nọ́ńbà ńlá ni ó kù.

JavaScript ló ń tan ènìyàn jù. Nọ́ńbà rẹ̀ lásán kì í pa odidi nọ́ńbà mọ́ dáadáa kọjá 9,007,199,254,740,991. Ẹ kọ 9007199254740993 sí i, 9007199254740992 ni yóò tẹ̀ padà fún yín. Nítorí náà, bí òǹpín bá ti kọjá 94,906,266, ìlọ́po ara ẹni kan ṣoṣo lè kọjá ààlà yẹn, ìṣẹ́kù tí a bá sì rí kò ṣeé gbọ́kàn lé mọ́. Ẹ rántí pé díjíìtì ìkẹyìn pàá ni ìṣẹ́kù ń gbára lé, àwọn náà ló sì ń kọ́kọ́ sọnù. 1,000,000,007 tí àwọn tó ń ṣe ìdíje kóòdù fẹ́ràn bí òǹpín wọ inú bíìtì 64 ní C láìsí ìyọnu; ní JavaScript, ìsọdipúpọ̀ ìṣẹ́kù rẹ̀ méjì lè kọjá ààlà jìnnà. Àbáyọ ni BigInt, oríṣi nọ́ńbà JavaScript fún odidi nọ́ńbà ńlá, tí a ń kọ pẹ̀lú n lẹ́yìn nọ́ńbà: `1n`, `2n`. Ṣùgbọ́n `BigInt(9007199254740993)` ti pẹ́ jù, nítorí nọ́ńbà náà ti bàjẹ́ kí ó tó dé inú àkámọ́. Inú àmì ọ̀rọ̀ ni kí ẹ fi í sí: `BigInt("9007199254740993")`. Bákan náà ni nọ́ńbà ńlá tó bá gba inú JSON (ọ̀nà tí kóòdù fi ń kọ dátà ránṣẹ́ síra) wọlé láìsí àmì ọ̀rọ̀ lára rẹ̀. BigInt kò sì ní fọ́ńkíṣọ̀n fún ìṣirò wa yìí. Lúùpù tó wà lókè ni ẹ ó tún kọ, kì í ṣe `(b ** e) % m`.

Ní Java, `BigInteger` ní `modPow`, tó ń kọ òǹpín tí kò bá ju òdo lọ pẹ̀lú àṣìṣe. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá ń kọ lúùpù tirẹ̀ níbẹ̀ máa ń gbàgbé pé `BigInteger` kì í yí padà: `r.multiply(b)` lásán kò ṣe nǹkan kan sí r, `r = r.multiply(b)` ni. C ní GMP, ilé ìkówèé kóòdù fún nọ́ńbà ńlá, níbi tí `mpz_powm(r, b, e, m)` wà. Ẹ fi `mpz_init` ṣí nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan kí ẹ tó lò ó, ẹ sì fi `mpz_clear` dá mẹ́mọ́rì padà. PHP ní `gmp_powm` àti `bcpowmod`, àmọ́ bí ọ̀rọ̀ ni kí ẹ kọ nọ́ńbà sí wọn, nínú àmì ọ̀rọ̀. Go ní `Exp` nínú `math/big`.

Nǹkan kékeré kan máa ń dẹ́rù ba àwọn tó ń lo Python. Láti ẹ̀dà 3.11, bí nọ́ńbà bá ju díjíìtì 4300 lọ, Python kò ní gbà kí á tẹ̀ ẹ́ jáde tàbí kí á kà á wọlé lójú ẹsẹ̀ ní ẹ̀kan-mẹ́wàá. Yóò kígbe `ValueError`. Ìṣirò náà kò bàjẹ́, ìtẹ̀jáde nìkan ni wọ́n dí lọ́nà, nítorí pé ẹni ibi lè fi nọ́ńbà gígùn dá sáfà dúró. `hex`, tó ń kọ nọ́ńbà ní ìpìlẹ̀ 16, kò sí lábẹ́ òfin yẹn. Nọ́ńbà RSA wa kò tilẹ̀ sún mọ́ 4300.

Báwo ni kọ̀ǹpútà ṣe ń gbé nọ́ńbà oní-díjíìtì 617? Ó ń gé e sí ègé-ègé ni. Ègé bíìtì 30 ni Python máa ń lò lórí ẹ̀rọ òde òní, nítorí náà bíìtì 2048 di ègé 69. Bí a bá sọ irú méjì dipúpọ̀ bí wọ́n ṣe kọ́ wa ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, 69 lọ́nà 69, ìsọdipúpọ̀ kéékèèké 4,761 nìyẹn. GMP ń lo ègé bíìtì 64 lórí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ, ègé 32 péré, 1,024 ìsọdipúpọ̀. Ẹni tí Python bá lọ́ra fún lè fi `gmpy2` gba `powmod` ti GMP láti inú Python.

Pípín ló sì ń jẹ àkókò jù. Ní 1985, Peter Montgomery gbé ọ̀nà kan jáde tí kò ní pípín nínú lúùpù rárá. A ó mú agbára 2 kan tó ju òǹpín lọ, a ó fi sọ gbogbo nọ́ńbà wa dipúpọ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn ìsọdipúpọ̀ kọ̀ọ̀kan, dípò kí á pín, a ó fi ìlọ́po òǹpín kan tó yẹ kún un, kí àwọn bíìtì ìsàlẹ̀ lè di 0 pátápátá, a ó sì ju àwọn bíìtì yẹn nù. Fífi ìlọ́po òǹpín kún nọ́ńbà kì í yí ìṣẹ́kù padà, jíju bíìtì nù sì rọrùn fún kọ̀ǹpútà ju pípín lọ. Bí òǹpín bá ṣeé pín sí méjì dọ́gba, ọ̀nà yìí kò ṣiṣẹ́, nítorí kò sí bí a ṣe lè fi ìlọ́po rẹ̀ sọ bíìtì ìkẹyìn tó jẹ́ 1 di 0. Òǹpín RSA kì í ṣeé pín sí méjì dọ́gba, nítorí náà kò sí ìṣòro. Wíwọlé sínú ọ̀nà náà àti jíjáde kúrò níbẹ̀ ní owó tirẹ̀. Fún ìsọdipúpọ̀ kan ṣoṣo, àdánù ni, fún ẹgbẹ̀rún méjì, èrè gidi ni. Wọ́n tún máa ń mú bíìtì agbára ní márùn-ún-márùn-ún dípò ọ̀kọ̀ọ̀kan: wọn á kọ́kọ́ ṣe tábìlì agbára 0 dé 31, ìsọdipúpọ̀ tó lé ní ẹgbẹ̀rún á sì wálẹ̀ sí 410 tàbí bẹ́ẹ̀. Iye ìlọ́po ara ẹni kì í dínkù.

Ó wá kan ọ̀rọ̀ àṣírí, èyí tó ń ká wa lára jù. Ẹ tún wo `if e & 1` nínú kóòdù òkè yìí. Bí bíìtì bá jẹ́ 1, ìsọdipúpọ̀ kan á ṣẹlẹ̀ sí i. Bó bá jẹ́ 0, kò ní ṣẹlẹ̀. Ẹni tó bá ń wọn àkókò, tàbí iná tí ẹ̀rọ ń jẹ, lè máa ka bíìtì kọ́kọ́rọ́ náà láti ìta. Paul Kocher kọ̀wé lórí ti wíwọn àkókò ní 1996. Àwọn kan rò pé inú káàdì kékeré nìkan ló ti lè ṣẹlẹ̀, títí tí David Brumley àti Dan Boneh fi gba kọ́kọ́rọ́ RSA lọ́wọ́ sáfà tó ń lo OpenSSL (ilé ìkówèé kóòdù ààbò tó gbajúmọ̀) láti orí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ní 2003. Wọn kò wọ inú sáfà náà, àkókò ìdáhùn rẹ̀ nìkan ni wọ́n wọ̀n.

Ọ̀kan lára ìwòsàn rẹ̀ ni pé kí á da nọ́ńbà tó wọlé rú kí á tó gbé e sí agbára àṣírí: mú nọ́ńbà àrìnàkò r, gbé e sí agbára gbangba e, fi sọ nọ́ńbà tó wọlé dipúpọ̀, gbé gbogbo rẹ̀ sí agbára àṣírí, kí o wá fi `pow(r, -1, m)` yọ r kúrò. Ẹni tó ń wọn àkókò kò ní mọ nọ́ńbà tí ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́ lé lórí. GMP tún ní `mpz_powm_sec`, tí ìrìn rẹ̀ kì í yí padà nítorí bíìtì agbára. Kò gba òǹpín tó ṣeé pín sí méjì dọ́gba, agbára rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ ju òdo lọ. `pow` ti Python àti BigInt ti JavaScript kò ní ààbò yìí.

Ọ̀fìn kejì fara pamọ́ sínú ohun tí a ṣe kí iṣẹ́ lè yá. Ẹ jẹ́ ká lo RSA kékeré tí a lè fọwọ́ ṣe. Práìmù rẹ̀ ni 11 àti 17, òǹpín 187, agbára gbangba 3, agbára àṣírí 107. A fẹ́ buwọ́ lu 36. Dípò 36 sí agbára 107 lórí 187 (ìyẹn ni pé 187 ni òǹpín), a ó ṣe é lórí práìmù kọ̀ọ̀kan. Lórí 11, 36 di 3, 107 di 7 (ìṣẹ́kù rẹ̀ bí a bá fi 10 pín in): 3 sí agbára 7 jẹ́ 2187, ó ṣẹ́ku 9. Lórí 17, 36 di 2, 107 di 11 (a fi 16 pín in): 2 sí agbára 11 jẹ́ 2048, ó ṣẹ́ku 8. Nọ́ńbà tó ṣẹ́ku 9 lórí 11, tó sì ṣẹ́ku 8 lórí 17, ni 42. Ìbuwọ́lùwé wa nìyẹn. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: 42 sí agbára 3 jẹ́ 74088, a fi 187 pín in, ó ṣẹ́ku 36. Lórí nọ́ńbà ńlá, ọ̀nà yìí ń yá tó nǹkan bí ìlọ́po mẹ́rin.

Bí iná bá ṣe ségesège wàyí, tí ẹ̀rọ sì rí 9 dípò 8 lórí 17, nọ́ńbà tó ṣẹ́ku 9 lórí méjèèjì ni 9, òun ni yóò sì jáde bí ìbuwọ́lùwé. Ẹnikẹ́ni tó bá mọ 187, 3 àti 36 á ṣe 9 sí agbára 3, 729, ó ṣẹ́ku 168. Á yọ 36 kúrò nínú 168, 132. Á wá nọ́ńbà tó tóbi jù tó lè pín 132 àti 187 láìṣẹ́kù: 11. Àṣírí ti tú, gbogbo kọ́kọ́rọ́ náà ti lọ, nítorí àṣìṣe ẹyọ kan. Dan Boneh, Richard DeMillo àti Richard Lipton ló fi èyí han ayé ní 1997. Nítorí náà, kóòdù tó bá ń lo ọ̀nà yìí gbọ́dọ̀ yẹ ìbuwọ́lùwé ara rẹ̀ wò pẹ̀lú agbára gbangba kí ó tó fi í síta. Ìsọdipúpọ̀ mẹ́tàdínlógún ni fún 65537. Kò sí àwáwí fún ẹni tó bá fò ó.

Pẹ̀lú RSA kékeré yẹn kan náà, ẹ wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ bí a bá fi 5 pamọ́ pẹ̀lú agbára 3. 125 ni yóò jáde, kò tó 187, nítorí náà pípín kankan kò ṣẹlẹ̀. Ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama lè tú u. Ìdí nìyẹn tí a kì í fi nọ́ńbà lásán sínú RSA: ọ̀nà tí a fi ń da nọ́ńbà rú kí ó tó wọlé la ń lò, OAEP fún ìfipamọ́, PSS fún ìbuwọ́lùwé, ilé ìkówèé kóòdù tí àwọn ògbóǹtarìgì ti yẹ̀ wò sì ní méjèèjì.

A bẹ àwọn olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ wa pé kí wọ́n má fi nọ́ńbà kéékèèké nìkan dán kóòdù ọmọ wò mọ́. Ìpìlẹ̀ 7, agbára 45, òǹpín 101 gbọ́dọ̀ mú 32 wá. 5, 0, 1 gbọ́dọ̀ mú 0 wá. -7, 3, 5 gbọ́dọ̀ mú 2 wá. Ẹni tó rí -3 kò tíì mọ̀ pé `%` ti C, Java àti JavaScript máa ń tẹ̀ lé àmì nọ́ńbà tí à ń pín. 2, 1000000006, 1000000007 gbọ́dọ̀ mú 1 wá, nítorí pé òǹpín náà jẹ́ práìmù. Lúùpù JavaScript tí kò lo BigInt lè kùnà níbẹ̀. Fún òǹpín tó ju bíìtì 64 lọ, ẹ lo 170141183460469231731687303715884105727, ìyẹn 2 sí agbára 127 tí a yọ 1 kúrò, tí Édouard Lucas fi hàn ní 1876 pé práìmù ni. Ìpìlẹ̀ 3, kí agbára jẹ́ òǹpín náà tí a yọ 1 kúrò nínú rẹ̀: 1 ni ìdáhùn. Lẹ́yìn náà kí ẹ fún wọn ní 2, 560, 561. Èyí náà mú 1 wá, bẹ́ẹ̀ 561 kì í ṣe práìmù, 3 lọ́nà 11 lọ́nà 17 ni. Ẹ jẹ́ kí ọmọ wá ìdí rẹ̀ fúnra rẹ̀, yóò gbé e dé ìdánwò Miller àti Rabin, tí a fi ń wádìí bóyá nọ́ńbà jẹ́ práìmù.

Àwa ni tiyín,
Àwọn olùkọ́ iṣẹ́ kóòdù, Ìbàdàn